Iná lọ, ẹyin tutù. Ooru mú, tòmátò gbọn òdòdó dànù: ọjọ́ wo ni ìnira ń ba ẹ̀dá kékeré jẹ́ jù?

Àyìnkẹ́_Ọ̀sìn:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ kan ló ń rú mi lójú. Ìwé kan ní ẹyin adìyẹ kò gbọdọ̀ kúrò ní nǹkan bí 37.5°C nínú ẹ̀rọ ìsàba. Òmíràn ní àwọn kan ń mọ̀ọ́mọ̀ mú un gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí òròmọdìyẹ lè fara da ooru tó bá dàgbà. Bákan náà ni ti tòmátò: wọ́n ní kí a fi òùngbẹ díẹ̀ kọ́ ọmọ irúgbìn kí a tó ṣí i lọ gbìn, síbẹ̀ òùngbẹ kan náà nígbà òdòdó, gbogbo rẹ̀ á já dànù. Èwo la fẹ́ mú?

Pàápàá jù lọ, bí iná bá lọ fún wákàtí 4 lórí ẹyin ọjọ́ 5, tó tún lọ lórí ẹyin ọjọ́ 17, ṣé ohun kan náà ni kí a ṣe? Ṣé òótọ́ sì ni pé ooru lè sọ ẹyin di akọ tàbí abo?

Bàbá Ìsàba:
Kì í ṣe ohun kan náà rárá o. Ohun tó ń gba ẹyin ọjọ́ 5 là lè pa ti ọjọ́ 17.

Ọlẹ̀ ọjọ́ 5 kéré, kò tíì lè pèsè ooru tó jọjú fúnra rẹ̀. Bí iná bá lọ, ẹ ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ pa, ẹ má máa ṣí i wò, ẹ fi aṣọ nínípọn bò ó, àmọ́ kí ihò afẹ́fẹ́ má dí. Bí ẹyin bá wà ní 35°C fún wákàtí 3 sí 4, ìdàgbà á falẹ̀ ni, ẹyin á sì pẹ́ díẹ̀ kó tó pa.

Ní ọjọ́ 17, ọlẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún inú èèpo. Ó ń jó ọ̀rá inú pupa ẹyin, ooru sì ń ti ara rẹ̀ jáde. Nínú ẹ̀rọ tó kún fọ́fọ́, bí fáànù bá dúró, àwọn ẹyin àárín lè máa gbóná sí i dípò kí wọ́n tutù, afẹ́fẹ́ tuntun kò sì ní wọlé. Nítorí náà, ẹ ṣí ihò afẹ́fẹ́, ẹ ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ẹ sì fi tẹmómítà sáàárín ẹyin gan-an, kì í ṣe sí ara ògiri ẹ̀rọ. Ìgbóná léwu ju òtútù lọ: ìṣẹ́jú 15 ní 40.5°C lè ṣe ìpalára tí wákàtí 4 ní 35°C kò ní ṣe. Ìdí ni pé ooru ń mú ọlẹ̀ lo afẹ́fẹ́ yára ju bí ihò tín-tìn-tín ara èèpo ṣe lè gbà á wọlé.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìgbà tí nǹkan bàjẹ́, ẹ wo àwọn tó pa, kí ẹ sì fọ́ àwọn tí kò pa. Ọpọlọ tó wà níta tàbí ojú tí kò sí, ooru àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ ni, nígbà tí orí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pilẹ̀ (ọkàn ti ń lù láti bí ọjọ́ kejì, ẹ wo bó ṣe yá tó). Òròmọdìyẹ tó jáde ṣáájú ọjọ́ 21, tí ìdodo rẹ̀ kò pa dé, tí orúnkún rẹ̀ pọ́n, ooru ìparí ni. Èyí tó pẹ́ jáde, tí ikùn rẹ̀ tóbi tó sì rọ̀ bẹ̀lẹ̀bẹ̀lẹ̀, òtútù tàbí ọ̀rinrin àpọ̀jù ni.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin yìí, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ má fojú díwọ̀n. Títí di ọjọ́ 18, ẹyin yẹ kó ti pàdánù bí ìdá 12 nínú 100 ìwúwo rẹ̀. Ẹyin tó jẹ́ gíráàmù 60 lọ́jọ́ kìíní yẹ kó súnmọ́ gíráàmù 53. Bó bá ṣì wà ní 57, omi ti há sínú rẹ̀, àyè afẹ́fẹ́ ibi tó fẹ̀ lára ẹyin kéré jù, òròmọdìyẹ á sì rì sínú omi nígbà tó bá fẹ́ mí èémí àkọ́kọ́. Ẹ wọn gbogbo àwo pọ̀, ẹ pín in.

Ní ti mímọ̀ọ́mọ̀ mú un gbóná: òótọ́ ni. Ìlànà tí wọ́n ti lò fún adìyẹ ẹlẹ́ran ni 39.5°C pẹ̀lú ọ̀rinrin 65%, wákàtí 12 lójúmọ́, láti ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 16. Wákàtí 12 yòókù á padà sí 37.8°C. Àsìkò yẹn ni ẹṣẹ́ tó ń pèsè họ́mónù táíróìdì (èyí tó ń darí bí ara ṣe ń pèsè ooru), àti ọ̀nà tí ara fi ń dáhùn sí ìnira, ń fìdí múlẹ̀. Ooru tí ara bá bá pàdé nígbà náà ló fi ń ṣètò bí yóò ṣe máa gbóná tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ṣáájú, ẹ ó rí àbùkù ara. Ẹ bá a dé ìparí, wọ́n á kú sínú èèpo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò nínú ẹ̀rọ kékeré tí ìwọ̀n rẹ̀ ń lọ sókè sódò bíi dígírì kan. 39.5 yín á di 40.5 kí ẹ tó mọ̀.

Ìyá Ọgbà:
Bàbá ti sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú ti tòmátò, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í mú.

Òdòdó tó já lónìí, kì í ṣe ooru òní nìkan ló jẹ̀bi. Bí ọjọ́ 8 sí 13 kí òdòdó tó là ni lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀, ìyẹn ìyẹ̀fun akọ tó ń mú kí èso dì, ń dá ara rẹ̀, ìgbà yẹn sì ni ooru ń bà á jẹ́ jù. Lójú, òdòdó náà rẹwà. Ẹ gbọ̀n ọ́n sórí nǹkan dúdú kan, ẹ ó rí i pé lẹ́búlẹ́bú tó bọ́ kò tó nǹkan. Bí ọ̀sán bá ń kọjá 32°C lójoojúmọ́, tí òru náà kò sì wálẹ̀ tó 21°C, èso kò ní dì dáadáa. Àwọn kan á wá da ajílẹ̀ tó ní náítírójìn púpọ̀ sí i. Ewé nìkan ló máa yọ. Ẹ fi àwọ̀n tó ń dí bí ìdá 30 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ bò ó láti ìgbà tí ìrudi òdòdó ṣì kéré, ẹ má dúró dìgbà tó bá là. Ẹ bomi rin ín láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀.

Ti ọmọ irúgbìn yàtọ̀, torí ewé ló ń dá lọ́wọ́. Bí ilẹ̀ bá ń gbẹ, gbòǹgbò àti ewé á pèsè abscisic acid, họ́mónù kan tí ọ̀gbìn fi ń dáhùn sí òùngbẹ, ihò tín-tìn-tín ara ewé á pa dé, ewé tuntun á sì kéré, á nípọn, epo ara rẹ̀ á pọ̀. Ewé tó ti gbó kò ní yí padà tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ọjọ́ 7 sí 10 ni kí ẹ fi kọ́ ọ. Ọjọ́ 2 kò tó, ìyà lásán ni. Oòrùn àárọ̀ wákàtí 1 tàbí 2 lọ́jọ́ kìíní, kí ẹ máa fi kún un. Ẹ jẹ́ kí ojú ilẹ̀ gbẹ kí ẹ tó bomi rin. Bí ewé bá rọ lọ́sàn-án tí kò sì nà títí alẹ́, ó ti pọ̀ jù.

Tó bá ń ga gọgọrọ, ẹ fi igi fẹ́lẹ́ gbá orí rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ìgbà 10 sí 20 lójúmọ́. Igi rẹ̀ á kúrú, á sì ki. Àmọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ nígbà tí ewé tutù, àrùn á ràn.

Àgbàdo náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Òùngbẹ ìgbà èwe, á tún gbéra. Èyí tó bá bọ́ sí ìgbà tí irun ń yọ lẹ́nu ọmọ rẹ̀, òdòdó akọ orí rẹ̀ á tu lẹ́búlẹ́bú lásìkò, irun á pẹ́ yọ, wọn kò ní pàdé. Ẹ bó o, ẹ ó rí i bí ẹnu tí eyín ti ká.

Tíṣà Báyọ́:
Ti akọ àti abo: ní ti adìyẹ, rárá. Akọ ní kúrómósómù (okùn inú ara tó ń pinnu akọ tàbí abo) ZZ, abo ní ZW, ọ̀rọ̀ sì ti parí kí ẹyin tó jáde lára ìyá rẹ̀.

Àmọ́ ẹ wo alángbá. Ní 1966, Madeleine Charnier ní Dakar kọ̀wé nípa ẹyin alángbá tó mọ́ wa lára yìí, Agama agama, pé bí ẹyin ṣe gbóná tó ló ń sọ bóyá akọ ni tàbí abo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i lára ọ̀pọ̀ àwọn afàyàfà mìíràn. Fún ìjàpá òkun, ní nǹkan bí 29°C ni akọ àti abo ń dọ́gba. Tó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀, abo ló máa pọ̀. Ti aligétọ̀ Amẹ́ríkà, ẹranko tó jọ ọ̀nì, yàtọ̀: 30°C abo, 33°C akọ ló pọ̀ jù. Ìdá àárín nínú ìdá mẹ́ta ọjọ́ ìsàba ni àsìkò tó ń pinnu rẹ̀. Ooru tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn ti pẹ́.

Àyìnkẹ́_Ọ̀sìn:
Ẹ ṣeun gan-an. Ìyá Ọgbà, ṣé mo lè gbá ti ata náà bẹ́ẹ̀? Bàbá, lẹ́yìn tí iná bá dé, báwo la ṣe máa mọ èyí tó kú?

Ìyá Ọgbà:
Ẹ fi ata sílẹ̀, orí rẹ̀ rọ̀ jù, ó máa ń ṣẹ́. Tòmátò, ìgbá àti kùkúńbà ló gbà á.

Bàbá Ìsàba:
Ẹ má dà á nù lọ́jọ́ náà. Ẹ dá ìwọ̀n padà sí 37.5°C, ẹ dúró ọjọ́ 4 sí 6, kí ẹ wá tan iná sí i nínú òkùnkùn. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá ṣì tẹ́ ká, tàbí tí nǹkan ń mì nínú rẹ̀, ó wà láàyè. Òrùka ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tó yí po, tí kò ní ẹ̀ka, ti kú. Ẹ yọ ọ́ kó má baà bẹ́ sára àwọn yòókù.