Ọmọ kan ṣubú ní kíláàsì ọmọ mi, tíṣà ò sì fẹ́ sọ ohun tó ń ṣe é. Ṣé kò yẹ kí n mọ̀ ni?

Màmá Àbíkẹ́yìn:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin òbí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí èmi àti bàbá àwọn ọmọ ti fà á títí, a ò rí ibì kankan já sí. Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló dé láti ilé ìwé lọ́sẹ̀ tó kọjá tó ní ọmọkùnrin kan ní kíláàsì àwọn kàn ṣàdédé ṣubú lulẹ̀ ni, ara ẹ̀ ń gbọ̀n, ojú ẹ̀ yí sókè, itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀, ni wọ́n bá kó gbogbo wọn síta. Ọmọ yẹn ò wá lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n nígbà tó máa padà wá, ó ń sáré kiri bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo pe tíṣà wọn. Obìnrin yẹn ò sọ̀rọ̀ burúkú sí mi o, ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ pé òun ò lè bá mi sọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ, pé tó bá jẹ́ ti ọmọ tèmi ni, kí n béèrè ohunkóhun tó bá wù mí. Ká má parọ́, inú bí mi. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n ń jókòó sí!

Ní gúrúùpù WhatsApp àwa òbí ńkọ́, kálukú ti ń sọ tiẹ̀. Ẹnìkan ní wárápá ni, ẹnìkan ní ó wà nínú ẹbí wọn, ẹlòmíì wá ní ká jọ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé pé kó sọ ohun tó ń ṣe ọmọ yẹn fún wa tàbí kó gbé e kúrò ní kíláàsì. Mi ò tíì fọwọ́ sí i. Àmọ́ ojoojúmọ́ ni mò ń bi ọmọ mi, ṣé ó tún ṣubú, ṣé ó ń lo oògùn, ta ló wá mú un. Ọkọ mi ní kí n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ tí ò kàn mí ni lóòótọ́?

Tíṣà Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́:
Màmá, ẹ kú àníyàn ọmọ. Iṣẹ́ tíṣà lèmi náà ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Tíṣà yẹn ò fi nǹkan pamọ́ fún yín torí pé ó fẹ́ ṣe ìgbéraga o. Ohun tí òbí ọmọ yẹn kọ sínú fọ́ọ̀mù, àwọn tó máa tọ́jú ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ fún. Tó bá sọ fún yín lónìí, lọ́la tí ọmọ tiyín bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sára tàbí tí ẹ̀yin àti bàbá ẹ̀ ní ìjà nílé tọ́mọ wá ń sunkún ní kíláàsì, òbí mìíràn á pe òun náà á ní òun fẹ́ mọ̀. Ẹni tó bá ń sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì fún ẹ, á sọ tìẹ náà fún ẹlòmíì.

Àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kí ilé ìwé sọ fún gbogbo òbí. Bí iná orí bá wọ kíláàsì, a máa ń kọ̀wé ránṣẹ́ sílé pé a rí i, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yẹ orí ọmọ yín wò. A kì í kọ orí ta ni a ti rí i. Ẹ rí i pé ẹ ti ní ohun tẹ́ ẹ máa fi ṣọ́ ọmọ yín, orúkọ ò sì jáde. Ìbéèrè tẹ́ ẹ lè bi tíṣà tó máa dá yín lóhùn dáadáa ni pé: ṣé ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn lè ṣe ọmọ mi ní jàǹbá? Ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe tó bá tún ṣẹlẹ̀? Kí lẹ sọ fáwọn ọmọ tó rí i? Ó jọ pé ẹ̀rù ba ọmọ mi, ẹ bá mi wojú ẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí, ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n “kí ló ń ṣe é”, ìyẹn ti kúrò lọ́dọ̀ yín.

Nọ́ọ̀sì Òru:
Mi ò mọ ohun tó ń ṣe ọmọ yẹn, mi ò sì ní méfò. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ṣubú tó ń gbọ̀n ni wárápá ń ṣe, ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù nínú ara lè fà á, ibà líle lè fà á fáwọn ọmọ kékeré tí wọn ò tíì ju ọdún márùn-ún lọ, dókítà ló máa yẹ̀ ẹ́ wò kó tó mọ̀. Ṣùgbọ́n torí pé wọ́n ti dárúkọ wárápá ní gúrúùpù yín, ẹ bá mi sọ fún wọn: WÁRÁPÁ KÌ Í RÀN. Itọ́ ẹ̀ kì í ràn, kéèyàn fọwọ́ kan ẹni tó ṣubú kì í ràn, kí wọ́n jọ fi ife kan mu omi kì í ràn. Ọpọlọ ló ti ń wá. Nítorí náà kò sí ohun tí gbígbé ọmọ kúrò ní kíláàsì máa dáàbò bo ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ẹ̀.

Èyí tó yẹ kí gbogbo yín mọ̀, tó sì yẹ kí àwọn ọmọ náà mọ̀ níwọ̀n ọjọ́ orí wọn nìyí. Ẹ kó àga àti ohun líle kúrò nítòsí, ẹ fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí, tí ara bá ti ń rọlẹ̀ ẹ fi ẹ̀gbẹ́ dà á sùn kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ẹ má dì í mú. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kò sẹ́ni tó ń gbé ahọ́n ara ẹ̀ mì, eyín ló máa kán tàbí ìka yín. Ẹ wo aago. Tó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ ẹ̀, tàbí tí kò mí dáadáa lẹ́yìn ẹ̀, ẹ pe àwọn oníṣègùn kíá. Ṣẹ́ ẹ rí i? Mo ti sọ gbogbo ẹ̀ tán, mi ò sì nílò orúkọ ọmọ kankan.

Bàbá Tọ̀túntòsì:
Ẹ má bínú o, èmi ò fara mọ́ ọn. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òfófó lòbí ń wá. Ọmọ mi ni mo rán lọ síbẹ̀, mi ò rí ohun tó ń lọ níbẹ̀ látàárọ̀ títí di ọ̀sán, ẹ wá ní kí n má béèrè? Ọdún tó kọjá ọmọ kan ń bu ọmọ mi jẹ, àpá eyín méjèèjì lórí apá, wọ́n ní àwọn “ń bójú tó o”. Bójú tó o báwo? Àti pé ọmọ tí ẹ̀pà jẹ́ èèwọ̀ ara ẹ̀, ṣebí wọ́n sọ fún gbogbo wa ká má gbé ẹ̀pà wá mọ́. Kí ló dé tí ti ìyẹn ò jẹ́ àṣírí?

Tíṣà Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́:
Bàbá, ọ̀rọ̀ yín ní ìdí. Ti ẹ̀pà, ẹ wò ó dáadáa: ohun tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣe ni wọ́n sọ fún yín. Bí orúkọ ọmọ náà bá wà nínú ẹ̀, a jẹ́ pé òbí ẹ̀ ló ní kí wọ́n sọ ọ́. Ti ẹni tó ń bu ọmọ yín jẹ, ẹ ò gbọdọ̀ dákẹ́ rárá. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ibi tí ọmọ yín á máa jókòó, ta ni á máa wò wọ́n nígbà eré, ìgbà wo ni ẹ máa tún jọ jókòó lé e lórí, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Tí ilé ìwé ò bá ní èsì sí èyí, ẹ lọ bá ọ̀gá pátápátá. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ mọ ìyà tí wọ́n fi jẹ ọmọ yẹn, tàbí dókítà tó ń rí, kò ní jẹ́ kí apá ọmọ yín tètè san.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní “òfin wo?” Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 1989, abala 16 ẹ̀ ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tojú bọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ọmọdé láìnídìí tàbí kó ba orúkọ ẹ̀ jẹ́. Ti ilẹ̀ Áfíríkà ti 1990 náà sọ ọ́ ní abala 10, ó wá fi kún un pé òbí lẹ́tọ̀ọ́ láti máa ṣọ́ ìwà ọmọ níwọ̀nba. Ọmọ tiwọn o. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Akin:
Mi ò fẹ́ dá sí i ṣùgbọ́n ó ká mi lára. Ọmọ tèmi ní wárápá. Nígbà tí ìròyìn ẹ̀ kàn, kì í ṣe ṣíṣubú ló dùn ún jù, ó ti mọ ìyẹn. Ọmọ tí wọ́n jọ ń jẹun ló wá bá a tó ní “màámi ní kí n má jókòó tì ẹ́ mọ́”. Ọmọ yẹn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ burúkú lòún sọ, iṣẹ́ ni wọ́n rán an. Láti ìgbà yẹn ni ọmọ mi ti ń tọ́jú ìgò oògùn ẹ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀, tó ní kí n yọ bébà ara ẹ̀ kúrò kí ẹnikẹ́ni má baà kà á. Oògùn tó yẹ kó lò lọ́sàn-án, ó máa ń fò ó torí ó ń dúró kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣófo.

Gúrúùpù ló fà á. Àwọn tó ń kọ “ẹ jọ̀ọ́ a kàn fẹ́ mọ̀ ni, a ò ní nǹkan burúkú lọ́kàn”, mo wà níbẹ̀, mò ń kà gbogbo ẹ̀. Ẹ rántí pé ìyá ọmọ yẹn lè máa ka tiyín náà.

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀bá Ọ̀nà:
Màmá Àbíkẹ́yìn, ẹ fojú sí àwọn ìbéèrè tẹ́ ẹ ń bi ọmọ yín lójoojúmọ́ yẹn. Ẹ ti sọ ọmọ di ọlọ́pàá inú. Ọmọ ọdún mẹ́jọ gbọ́n, ó ti mọ̀ pé ìròyìn ọmọ yẹn ló ń jẹ́ kí màmá òun pa fóònù tì tí wọ́n fi ń gbọ́ òun, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún un. Tàbí kó dákẹ́ pátápátá, èyí tó burú jù. Ẹ kàn bi í pé “báwo ló ṣe rí lára ẹ nígbà tó o rí i?” kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó sọ tiẹ̀.

Àmọ́ o, ẹ jẹ́ ká yà á sọ́tọ̀. Tọ́mọ bá wá sọ nílé pé ẹnìkan ń na ọ̀rẹ́ òun ní ìnàkunà, pé ẹnìkan ń fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ, pé ọ̀rẹ́ òun ní òun fẹ́ kú, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ mọ́. Ẹ pe ẹni tí ọ̀rọ̀ ọmọ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ní ilé ìwé lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹnì kan tó lè ṣe nǹkan sí i, kì í ṣe gúrúùpù.

Màmá Àbíkẹ́yìn:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìyá Akin, ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á wo ọmọ wa. Mo ti kọ̀wé sí tíṣà, ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn ni mo bi í, ó sì dáhùn gbogbo ẹ̀, ó ní nọ́ọ̀sì máa wá bá gbogbo kíláàsì sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe tí ẹnìkan bá ṣubú. Mo gbé ohun tí Nọ́ọ̀sì kọ sí gúrúùpù, ẹni tó ní ká kọ lẹ́tà ò tíì dá mi lóhùn. Ó ku ọ̀kan: mo máa ń rí ìyá ọmọ yẹn lẹ́nu géètì. Ṣé kí n bá a sọ nǹkan kan ni àbí kí n máa lọ?

Ìyá Akin:
Ẹ kí i bẹ́ ẹ ṣe ń kí àwọn yòókù. Ẹ má ṣe ojú àánú, ẹ má ní “a ti gbọ́ o”. Tí àwọn ọmọ bá jọ ń ṣeré, ẹ pe ọmọ ẹ̀ wá sílé yín bẹ́ ẹ ṣe máa pe ọmọ ẹlòmíì. Tó bá ní nǹkan tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kó tó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, fúnra ẹ̀ ló máa sọ fún yín.

Bàbá Tọ̀túntòsì:
Ti ẹni tó ń bu ọmọ mi jẹ yẹn, mo ti ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi o. Mò ń dúró.