Kí Ẹ̀ẹ̀rùn Tó Wọlé: Omi, Ìlera àti Oúnjẹ Nínú Ilé Oko Agbègbè Òṣogbo

Oníṣẹ́ páìpù, Òkè-Fíà:

Ẹ̀yin ará oko, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Tí kànga bá gbẹ nígbà ọyẹ́, odò ló kù, omi Ọ̀ṣun kì í sì í ṣe ohun tí à ń fọkàn balẹ̀ mu mọ́ nítorí ìwakùsà góòlù tó ń dà á rú láti òkè wá. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tó wá ṣọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu ún. Bí ẹ bá sè é, kòkòrò àrùn á kú, ṣùgbọ́n òjé àti mákúrì, májèlé tó ń ti ibi ìwakùsà wá, ò níí kúrò. Álọ́ọ̀mù náà, ẹrẹ̀ nìkan ló ń mú kúrò nínú omi. Omi òjò orí pánù ló kù tí a lè gbójú lé.

Tí òjò mìlímítà 20 bá rọ̀ sórí òrùlé tó gùn ní mítà 6, tó fẹ̀ ní mítà 5, líta 600 ni. Ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún fún èyí tó ta dànù, ó ku 480, ìyẹn ju dúrọ́ọ̀mù ńlá méjì lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ nìyí: wọ́n ń gbe òjò àkọ́rọ̀. Eruku ọyẹ́, ìgbẹ́ aláǹgbá àti ti ẹyẹ ló ń fọ̀ wálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òjò ńlá méjì tàbí mẹ́ta kọ́kọ́ ṣan òrùlé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi tíì kan (ìsopọ̀ páìpù ẹlẹ́nu mẹ́ta) sí ojú ọ̀nà omi kó tó dé táǹkì, kí ẹ so páìpù ínṣì mẹ́rin tó gùn ní mítà 3 kọ́ sí i ní òòró, kí ẹ sì fi ìdérí dí ìdí rẹ̀. Nǹkan bíi líta 24 omi ìdọ̀tí á kún inú rẹ̀ kí èyí tó mọ́ tó yà sí táǹkì. Ẹ fi ìṣó tín-ín-rín lu ihò kan sí ìdérí náà, kó lè máa ro tán fúnra rẹ̀. Tí ihò yẹn bá dí, omi àná á ṣì wà nínú páìpù, ìdọ̀tí òjò tuntun á sì gba orí rẹ̀ kọjá sí táǹkì. Ẹ máa wò ó lẹ́yìn gbogbo òjò, ẹ jọ̀ọ́.

Táǹkì dúdú ni kí ẹ rà, torí ewédò máa ń hù nínú èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ̀. Kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo ẹnu rẹ̀. Tí ènìyàn mẹ́fà lápapọ̀ bá ń lo líta 18 lóòjọ́, onílíta 1,000 á lé ní àádọ́ta ọjọ́. Mímu nìkan o, aṣọ fífọ̀ ò sí níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, Ìlobùú:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Omi òjò náà ń fẹ́ búlíìṣì, èyí tí kò ní lọ́fínńdà. Ẹ ka ara ike rẹ̀: tí agbára rẹ̀ bá jẹ́ 5%, ààbọ̀ ṣíbí tíì ló tó kẹ́ẹ̀gì onílíta 25. Tó bá jẹ́ 3.5%, ẹ lo ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ṣíbí. Ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Òórùn díẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ tún un ṣe.

Kí pákẹ́ẹ̀tì ORS, iyọ̀ àti ṣúgà tí à ń po mọ́ omi fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, má wọ́n nílé. Tó bá tán lóru, ẹ po omi mímọ́ líta 1 pẹ̀lú ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tó tẹ́jú àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì. Iyọ̀ àpọ̀jù lè pa ọmọ, nítorí náà ẹ tọ́ ọ wò: kò gbọ́dọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Bí ojú ọmọ bá ti wọnú, tí kò lè mu nǹkan mọ́, ẹ má dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lóru náà.

Alágbàtà ẹ̀wà, Ọjà Ọba:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọ̀tapiapia sí ẹ̀wà. Májèlé ni. Atẹ́gùn ni kí ẹ fi du kòkòrò. Ẹ sá ẹ̀wà kó gbẹ dáadáa, ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ kó kún dé ẹnu, kí ẹ dé e pinpin. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ á lo atẹ́gùn tán, á sì kú.

Fún àgbàdo, ẹ da ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ìgò gbígbẹ pẹ̀lú iyọ̀ tí oòrùn ti gbẹ, kí ẹ mì í dáadáa. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àgbàdo náà ò tíì gbẹ, á bu nínú àpò. Ẹ dá a padà sí oòrùn. Kẹ́ẹ̀gì kéékèèké onílíta 10 sì dára ju ńlá kan lọ, torí gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i ni atẹ́gùn tuntun ń wọlé.