Ta ló mọ ẹ̀rí pé Ìrékọjá ti wà kó tó di ti Ísírẹ́lì?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn Bíbélì, ẹ dákun, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Julius Wellhausen, onímọ̀ Bíbélì ará Jámánì, sọ ní 1878 pé àjọ méjì ni wọ́n pa pọ̀ di Ìrékọjá: ẹbọ àkọ́bí ẹran ti àwọn darandaran, àti àkàrà àìwú ti àwọn àgbẹ̀ ọkà báálì. Ó bọ́gbọ́n mu, àmọ́ ẹ̀rí dà? Mo ti ka Ẹ́kísódù 12, tó sọ nípa ẹ̀jẹ̀ lára àtẹ́rígbà, títí. Lẹ́tà Elephantine, tí wọ́n kọ sí àwọn Júù ní erékùṣù kan ní Íjíbítì ní 419 ṣáájú Kristi, ti ya; kò sí ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ nínú ohun tó ṣẹ́ kù. Ní Emar, ìlú àtijọ́ kan ní Síríà, wọ́n ń fi òróró àti ẹ̀jẹ̀ pa òkúta lára níbi àjọ zukru. Òkúta nìyẹn o, kì í ṣe àtẹ́rígbà!

Yàtọ̀ sí Bíbélì, ǹjẹ́ àkọsílẹ̀ àtijọ́ kankan wà tó sọ pé àwọn darandaran Kénáánì ń fi ẹ̀jẹ̀ àgùntàn kun ẹnu ọ̀nà nígbà ìrúwé?