Ṣé kí n kó ìdílé mi kúrò ní Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Ṣágámù, àbí kí n dúró?

Wẹ́dà Ìkẹ́rẹ́ béèrè pé:

Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì kete, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ kan ti ń gbé mi lọ́kàn sókè, n kò sì fẹ́ fi ìkánjú parí rẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi gbé e wá síwájú ẹ̀yin tí ẹ ti rin irú ìrìn yìí rí.

Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe ní Ìkẹ́rẹ́. Mo ti lé ní ogójì ọdún, ó sì di ọdún mẹ́tàdínlógún báyìí tí mo ti gba fírídọ̀m. Géètì, pírótẹ́kítọ̀ ojú fèrèsé, ilẹ̀kùn onírin, àga irin tí wọ́n ń gbé táńkì omi lé, àti ẹ̀rọ tí àwọn ìyá fi ń rin ẹ̀gẹ́, gbogbo rẹ̀ ni mò ń ṣe, àwọn ènìyàn sì mọ̀ mí mọ́ iṣẹ́ tí kì í tètè bàjẹ́. Ìyàwó mi ní ìsọ̀ lọ́jà, níbi tí ó ti ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti gààrí. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fún wa, èyí àgbà, obìnrin, wà ní SS2. Ìyá mi, tí ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ń gbé ní agboolé wa, kò jìnnà sí ilé tí mo yá.

Ohun tó ń lé mi kúrò nílé kò ju iná lọ. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, epo tí a ń rà ní ohun tí kò tó náírà 200 ní lítà kan kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Iná lè má dé àdúgbò ṣọ́ọ̀bù mi fún ọjọ́ mẹ́ta, bó bá sì dé, ó lè má lágbára tó èyí tí a fi ń jó irin. Bí mo bá dá iye owó géètì fún oníbàárà lónìí, tí mo sì fi jẹnẹrétọ̀ ṣe é, epo á ti jẹ èrè mi tán kí n tó kùn ún lọ́dà. Bí mo bá sì fi owó epo kún owó iṣẹ́, oníbàárà á ní òun ń lọ sí Àkúrẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kan, tí bàbá rẹ̀ àti bàbá mi jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ti wà ní Ṣágámù láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ó ń bá àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń kọ́ ilé iṣẹ́ àti ilé ìkẹ́rùsí ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ó sì ní ọjọ́ tí mo bá ti dé ni iṣẹ́ mi yóò bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ kí n kó gbogbo ilé wá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà fún un. Síbẹ̀, bí mo bá rántí àwọn oníbàárà tó ń kọ́lé sí Ìkẹ́rẹ́ láti òkèèrè, tí wọ́n ń fi gbogbo owó iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi láì tíì fojú kàn mí rí, ọkàn mi máa ń di méjì. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ìjerò ní Ọ̀tà dáhùn pé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnira. Ọdún 2011 ni mo kúrò ní Ìjerò, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe retí kí n sọ pé kí ẹ jókòó. Ní apá Ọ̀tà, Àgbárá àti Ṣágámù, ilé iṣẹ́ ló tẹ̀ lé ilé iṣẹ́, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í lo irin. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò rí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n yín lè má rántí sọ.

Iná tí ẹ ń sá tọ̀ kò sí níbi gbogbo lọ́hùn-ún. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ tó ń mójú tó iná mànàmáná, gbé owó iná àwọn tó wà lórí Band A lọ sí náírà 225 fún ìwọ̀n kan lórí mítà, pẹ̀lú àdéhùn pé iná wọn kò ní dín ní wákàtí 20 lóòjọ́. Iye náà ti yí padà díẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ìpele yẹn ṣì wà, àwọn tó wà ní ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá kò sì ní ju àdéhùn wákàtí mẹ́rin lọ. Ní àdúgbò kan ṣoṣo, òpópónà kan lè wà lórí Band A kí èyí tó kọjú sí i má sí níbẹ̀, nítorí pé fídà tó ń gbé iná wá fún wọn yàtọ̀ síra. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ lórí ṣọ́ọ̀bù kankan, ẹ jókòó ti aláṣọ rírán tàbí onífíríìjì tó wà nítòsí rẹ̀, kí ẹ bi í léèrè, nítorí onílé kò ní sọ òótọ́ fún yín. Èmi kò bi ẹnikẹ́ni, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì kó ṣọ́ọ̀bù ní ọdún àkọ́kọ́ mi.

Owó ilé pẹ̀lú ńkọ́? Lẹ́yìn owó ilé gan-an, ẹ ó san ti ẹ́jẹ́ǹtì, ẹ ó san ti ìwé àdéhùn, ẹ ó tún fi owó ìdúró sílẹ̀ nítorí ohun tó bá bàjẹ́. Ẹ ó gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé òfin kò gba onílé láàyè láti gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 ni wọ́n ń sọ, Ṣágámù sì wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Èyí tó dùn mí jù ni pé kò sẹ́ni tó mọ̀ mí. Mo ti ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní Ìjerò, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibí, odidi ọdún kan àti oṣù méjì ni mo fi bá ọkùnrin kan tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí ṣiṣẹ́ ojúmọ́. Ẹ múra ọkàn yín sílẹ̀ fún ìyẹn ju bí ẹ ti ń múra ẹrù lọ.

Ìyá Olùkọ́, Adó-Èkìtì, dáhùn pé:

Bàbá, mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì, mo ń wá ibi tí ẹ ti sọ ohun tí ìyàwó yín wí, n kò sì rí i. Ẹ sọ ohun tó ń tà fún wa, ẹ kò sọ èrò rẹ̀. Ẹni tó bá ní ìsọ̀ lọ́jà kò ṣeé ká bí ẹní. Àwọn tó ń gba ọjà láwìn lọ́wọ́ rẹ̀ ń jẹ ẹ́ lówó, àwọn tó ń gbé àpò ìrẹsì fún un láì gba owó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọ́n mọ ilé rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni ó kàn láti kó èésú. Gbogbo ìwọ̀nyí ni yóò fi sílẹ̀ lọ sí ibi tí kò ti mọ ìyálọ́jà kankan. Bí oúnjẹ ilé yín ní oṣù tí epo wọ́n jù bá ti inú ìsọ̀ yẹn wá, ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ara yín kí ẹ tó ṣe ìpinnu.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tó wà ní SS2 ni mo mọ̀ jù, nítorí pé iṣẹ́ mi ni. Ilé ẹ̀kọ́ ni ó ń fi orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC, máàkì iṣẹ́ tí ọmọ ti ṣe ní kíláàsì sì wà lára ohun tí ilé ẹ̀kọ́ ń fi ránṣẹ́. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n kó wá sọ́dọ̀ wa láàárín ọdún, tí ó ti ń ka iṣẹ́ ọ̀gbìn láti SS1, tí ilé ẹ̀kọ́ tó dé kò sì ní olùkọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀, èsì rẹ̀ sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbé ọmọbìnrin yẹn kúrò títí yóò fi kọ ìwé kẹ́yìn nínú ìdánwò rẹ̀.

N kò sọ pé kí ẹ má lọ o. Ọkọ tèmi náà lọ. Ní ọdún àkọ́kọ́ ó ń wálé lóṣooṣù, lẹ́yìn náà ó di oṣù méjì méjì, nígbà tó yá àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun gbogbo lọ́wọ́ mi bí ẹni pé òun kò sí. Bí ẹ bá máa dá nìkan lọ, ẹ fi ọjọ́ tí ẹ ó máa wálé sí àdéhùn pẹ̀lú ìyàwó yín, kí ẹ sì ka owó ọkọ̀ mọ́ owó tí ẹ ní ẹ fẹ́ máa pa.

Bàbá Ọ̀tùn dáhùn pé:

Ọmọ mi, mo kí ọ. Gánà ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ti Ọ̀tùn lọ síbẹ̀ ṣòwò, ó sì rí towó ṣe. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, a sì padà wálé pẹ̀lú ohun tí ọwọ́ wa lè gbé. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni pé àwọn tó ti kọ́ yàrá méjì péré sílé, tí wọ́n ń wá fún ìpàdé ẹbí, tí wọ́n ń dá owó òkú àti ti ìyàwó, rí ibi wọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n dé. Bàbá mi kò ṣe bẹ́ẹ̀, yàrá àbúrò rẹ̀ ni àwa mẹ́fà sùn sí fún ọdún méjì.

Ṣágámù kì í ṣe Gánà, kò sẹ́ni tí yóò lé ọ, ilẹ̀ Yorùbá ni. Ṣùgbọ́n má ṣe ta irinṣẹ́ rẹ, má sì ṣe jọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ fún onílé kí o tó mọ bí ibẹ̀ ti rí. Ní ti ìyá rẹ, owó tí o bá ń fi ránṣẹ́ kò lè pọn omi fún un, kò sì lè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lóru. Wá ẹni tí yóò máa sùn ní agboolé yẹn, kí o dárúkọ rẹ̀ fún ìyá rẹ, kí òun náà sì sọ bóyá ó tẹ́ òun lọ́rùn.

Ẹlẹ́rọ Ìdó dáhùn pé:

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kan ni mo ní: irú ẹ̀rọ wo ni ẹ fi ń jó irin? Bó bá jẹ́ èyí tí a ń fi wáyà kọ́pà wé níbí, tó tóbi bí àpótí, òun gan-an ló ń mu epo yín. Ẹ̀rọ ìjórin kékeré tí wọ́n ń pè ní inverter, tí ènìyàn lè gbé kọ́ èjìká, kì í fa iná tó bẹ́ẹ̀, jẹnẹrétọ̀ tó kéré sí tiyín á gbé e, púpọ̀ nínú wọn sì máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá rẹlẹ̀ díẹ̀. Òótọ́ ni pé kò fara da ìlòkulò bíi ti àtijọ́, eruku irin sì lè tètè bà á jẹ́ bí ẹ kò bá ń tú u fọ̀ déédéé. Síbẹ̀, ẹ yá ọ̀kan wò fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì kọ iye lítà tí ẹ lò sílẹ̀ lójoojúmọ́.

Lábẹ́ òfin iná mànàmáná ti ọdún 2023, Èkìtì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tí NERC fa àṣẹ ìṣàkóso ọ̀rọ̀ iná lé lọ́wọ́ ní ọdún 2024. N kò sọ pé kí ẹ torí ìyẹn dúró. Ohun tí mo rí ni pé láti ìgbà tí yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, ilé akẹ́kọ̀ọ́ kò yé hù níbẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìkẹ́rẹ́ tiyín náà sì ti di yunifásítì. Gbogbo fèrèsé ilé akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fẹ́ pírótẹ́kítọ̀. Ẹ ti lọ bá àwọn tó ń kọ́ wọn sọ̀rọ̀ rí?

Wẹ́dà Ìkẹ́rẹ́ padà wá, ó ní:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ Ìyá Olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ bà mí, nítorí pé òótọ́ ni, n kò bi ìyàwó mi léèrè, mo kàn sọ fún un ni. Mo bi í ní alẹ́ ọjọ́ kejì. Ó dákẹ́ títí, lẹ́yìn náà ó ní òun kò ní dí mi lọ́nà, ṣùgbọ́n òun kò ní pa ìsọ̀ òun dé títí ọmọ yóò fi ṣe WAEC, àti pé owó oúnjẹ oṣù mẹ́ta tó kọjá, òun ló san án. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ọ létí rí.

Mo yá ẹ̀rọ inverter lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ní Adó. Iṣẹ́ tí ń gba lítà mẹ́sàn-án tẹ́lẹ̀, márùn-ún ni ó gbà, mo sì ṣe é lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè dá mi lójú. Èmi yóò ra tèmi. Mo sì ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé èmi nìkan ni n ó wá, fún oṣù mẹ́ta, lórí iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí kan tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi àgbà ni yóò dúró ní ṣọ́ọ̀bù, owó ṣọ́ọ̀bù sì ti wà nílẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀. Inú ẹ̀gbọ́n mi kò dùn sí i, ṣùgbọ́n ó gbà. Bí mo bá ti padà dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta náà, n ó lọ sí Ọ̀yẹ́ lọ bá àwọn tó ń kọ́ ilé akẹ́kọ̀ọ́, kí n lè fi ojú méjèèjì wò ó.

Ìyá mi kò tíì gbọ́. Ọmọ àbúrò mi obìnrin ti gbà láti máa sùn ní agboolé, ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ mú un lọ síbẹ̀, kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sọ ọ́.