Pátákó gọ́ọ̀fù tí mo ṣe fún bàbá mi, tí ojú rẹ̀ ń yí padà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ọwọ́ ara yín ṣe nǹkan. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Oṣù méje ni iṣẹ́ yìí gbà mí, ibi tí mo sì rò pé ìṣòro wà kọ́ ló wà.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú bàbá mi. Ẹsẹ̀ wọn tètè padà bọ̀ sípò, ọwọ́ òsì ni kò fẹ́ gbọ́ràn. Wọ́n máa ń gbá gọ́ọ̀fù kí àìsàn tó dé, kò sì sí bí a ṣe máa gbé wọn dé pápá mọ́. Mo wá ní kí n ṣe pátákó gọ́ọ̀fù kékeré kan sí pálọ̀, èyí tí a ó máa tẹ́ láàárọ̀, tí a ó sì máa tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lálẹ́. Pátákó àkọ́kọ́ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n lórí. Wọ́n á dúró, wọ́n á gbá a, ó wọlé. Lọ́jọ́ kan wọ́n kàn gbé ọ̀pá sílẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, èyí kì í ṣe eré mọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé lọ sùn.

Láti 1954 tí Paul Bongni ti ṣí pápá àkọ́kọ́ tó ní ìwọ̀n pàtó ní Ascona, ní Switzerland, ni wọ́n ti ń ṣe gọ́ọ̀fù kékeré sí ìlànà kan náà, kí ìdíje lè dọ́gba níbi gbogbo. Ó dáa fún ìdíje. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo pápá rẹ̀, ilẹ̀ tó ń yí padà ni yóò bá a lára mu. Èyí tó wù mí ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ti àwọn obìnrin St Andrews, ní Scotland, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1867. Ilẹ̀ gbágungbàgun lásán ni wọ́n ń gbá a lé títí dòní, gegele àti kòtò, débi pé Himalayas, orúkọ àwọn òkè ńlá ilẹ̀ Asia, ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Mo ní irú rẹ̀ ni bàbá mi máa ní, kódà bí kò bá ju mítà 2.4 ní gígùn àti sẹ̀ǹtímítà 60 ní ìbú.

Mo mú plywood tó nípọn mìlímítà 4, mo to bóòtù 24 sábẹ́ rẹ̀. Èrò mi ni pé ibikíbi tí mo bá ti yí bóòtù, òkè á yọ níbẹ̀. Òkè yọ lóòótọ́, bí oówo ló ṣe yọ. Bọ́ọ̀lù á dé orí rẹ̀, á kọsẹ̀, á yà bàrá. Bàbá mi á tẹjú mọ́ ilẹ̀ pẹ́, wọn kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù, torí adùn gọ́ọ̀fù ni kí ojú ka ilẹ̀ kí ọwọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kí n tó lè yí bóòtù kan, mo ní láti dà á dojú bolẹ̀.

Mo ń bọ̀ láti ìdí iṣẹ́ káfíńtà kan ni mo rí i tó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan fa ìlà tó tẹ̀. Ìṣó mẹ́ta péré ló fi dá igi náà dúró, igi fúnra rẹ̀ ló sì wá bí yóò ṣe tẹ̀ láàárín wọn, ó rí dẹ̀ẹ̀dẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Mo délé, mo tú bóòtù 24 náà kúrò pátá. Mo gbé ọ̀pá igi márùn-ún dábùú abẹ́ plywood, mo jẹ́ kí orí wọn yọ síta díẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, mo wá fi bóòtù kan sí orí kọ̀ọ̀kan. Mẹ́wàá péré. Mo gé tíúbù kẹ̀kẹ́ bí okùn, mo fi fa ọ̀pá kọ̀ọ̀kan wálẹ̀, kí ilẹ̀ má baà máa jó lókè bóòtù. Bóòtù M8 ni, èyí tó nípọn mìlímítà 8: bí a bá yí i lẹ́ẹ̀kan, mìlímítà 1.25 ló máa gòkè. Yí i lẹ́ẹ̀mẹjọ, ó di sẹ̀ǹtímítà kan gan-an. Bí mo bá gbé apá ọ̀tún ọ̀pá mẹ́ta ga tó bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù tó ń lọ tààrà tẹ́lẹ̀ á rọra yà sósì, tó fi máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò. Ojú lè tẹ̀ lé e. Nígbà tí bàbá mi kọ́kọ́ rí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ilẹ̀ kí wọ́n lè wò ó dáadáa. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣàìsàn, mi ò tíì rí wọn kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ojú ìsopọ̀ náà dà mí láàmú. Ọ̀nà méjì ni pátákó pín sí kó lè wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bí ẹ̀gbẹ́ kan bá sì fi mìlímítà kan ga ju èkejì lọ, bọ́ọ̀lù á fò. Mo máa ń fi èékánná wọ́ ọ. Bí èékánná bá kọ́, bọ́ọ̀lù náà á kọ́. Èèkàn igi kékeré mẹ́ta tó ti ara apá kan wọnú ihò tó wà lára apá kejì ni mo fi mú un dọ́gba. Kápẹ́ẹ̀tì wà lọ́tọ̀, ẹyọ kan gígùn, n kì í ká a sí méjì láéláé. Mo máa ń yí i mọ́ ọ̀pá ni, kí ojú tó nírun wà níta. Bí ẹ bá yí i sí òdìkejì, etí rẹ̀ á máa dìde nígbà tí ẹ bá tẹ́ ẹ.

*

Ẹ kú làálàá o, Ọlọ́run yóò wo bàbá yín sàn. Mo ka ohun tí ẹ kọ. Èmi náà ṣe irú pátákó yín, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni èmi gbẹ́kẹ̀ lé. Mo kó tíúbù kẹ̀kẹ́ mẹ́rin sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, mo ń fi pọ́ǹpù gbé ilẹ̀ sókè, mo sì ń tú u kó lè rọlẹ̀. Ó fúyẹ́, mo lè gbé e sí èjìká. Bọ́ọ̀lù kò ju gíráàmù 46 lọ, kò lè tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ wa ló bà á jẹ́. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ kan etí rẹ̀ báyìí, gegele tó wà láàárín á ṣí lọ síbòmíràn. Kí a tó gbá a tán, afẹ́fẹ́ náà á ti jò díẹ̀, ẹni tó gbá kẹ́yìn kò sì gbá ilẹ̀ tí ẹni àkọ́kọ́ gbá. Ó bí mi nínú, torí mo ti ṣèlérí fún àwọn ọmọ. N kò tún ní padà sídìí afẹ́fẹ́.

*

Olùkọ́ ni mí, èmi náà ṣe irú pátákó yìí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa wà lókè, nítorí náà ìwúwo ni mo kọ́kọ́ rò. Plywood mìlímítà 12 wúwo tó kìlógíráàmù 7 fún mítà kan níbùú lóròó. Mo lo fóòmù líle tí wọ́n fi ń bo ògiri dípò rẹ̀, kò tó 2. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń ti fóòmù tí mo gé ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ìlẹ̀mọ́ra irú èyí tó wà lára bàtà ọmọdé ló ń dì í mú. Ọmọ kan wà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa. Ó máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ wọ́ ilẹ̀ láti ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé ihò, kó tó dìde gbá a, òun ló sì ń borí wọn jù. Ìbéèrè mi rèé: ihò yín ńkọ́? Bọ́ọ̀lù tiwa máa ń ta jáde.

*

Ẹ ṣeun, olùkọ́. Tèmi náà ta jáde fún ìgbà pípẹ́. Ihò gidi fẹ̀ tó mìlímítà 108, ó sì jìn kọjá 100. Pátákó tèmi kò ga ju 70 lọ. Bọ́ọ̀lù tó bá já bọ́ sórí ohun líle nítòsí bẹ́ẹ̀ á fò padà. Mo so ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ kan sábẹ́ ihò, kò ta jáde mọ́. Ṣùgbọ́n bàbá mi ní, "Kò dún." Òótọ́ ni, ẹni tó ti gbá gọ́ọ̀fù fún ọdún púpọ̀, etí rẹ̀ ló fi ń mọ̀ pé ó wọlé. Mo wá agolo tó fẹ̀ tó ihò náà, mo gé ìdí rẹ̀ kúrò, mo so ìbọ̀sẹ̀ mọ́ ọn. Bọ́ọ̀lù á kọ́kọ́ gbá ara agolo, gbàn-ùn, á tó dúró sínú ìbọ̀sẹ̀.

Ẹ wo bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yára sí lórí kápẹ́ẹ̀tì yín náà. Ní 1935 ni Edward Stimpson ṣe irinṣẹ́ kan fún èyí: ọ̀pá kan tó ní kòtò, a ó gbé e díẹ̀díẹ̀ títí bọ́ọ̀lù á fi yí fúnra rẹ̀, a ó wá wọn ibi tó dúró sí. Mo fi igi ṣe irú rẹ̀. Lórí kápẹ́ẹ̀tì mi, bọ́ọ̀lù rìn tó mítà 2, mo sì rí i pé bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bá ti ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12 lórí mítà kan, bọ́ọ̀lù kò ní dúró mọ́ láé. Ìlàjì rẹ̀ ni mo fi ṣe ààlà, mo fa ìlà pupa sára bóòtù.

Bàbá mi ló ń yí bóòtù náà báyìí. Mo fi ìdérí ike ńlá sí orí rẹ̀ kí ọwọ́ lè gbá a mú. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń lò, wọn kì í jẹ́ kí a ràn wọ́n lọ́wọ́. Lálẹ́ àná, wọ́n ti ilẹ̀kùn pálọ̀ mọ́rí kí àwọn ọmọ-ọmọ wọn tó dé, mo ń gbọ́ tí ìdérí ń han gíṣígíṣí. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n ní kí èmi ni kí n kọ́kọ́ gbá a. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo gbá a kí agolo tó dún.