Re: Òwú dídán yẹn, "onírin" ò bá a mu rárá

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ tí à ń sọ lórí orúkọ Yorùbá fún àwọn òwú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yìí bọ̀ láti ìgbà tí àbúrò wa tó ń kọ̀wé láti Ọ̀fà ti dá a lábàá pé "òwú onírin" ni ká máa pe òwú tó ń dán bíi wúrà àti fàdákà tí a fi ń ṣiṣẹ́ abẹ́rẹ́ dábùú, àwọn mélòó kan kín in lẹ́yìn, Àlàájì wa wá ní ká fi sílẹ̀ bí àwọn tó ń tà á ṣe ń pè é, ìyẹn ṣáínì-ṣáínì. Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin àdúgbò wa níbí ní Ìlọrin, ọ̀rọ̀ náà kàn mí gan-an ni. Èmi ò fara mọ́ onírin. Ìdí mi rèé.

Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ dábùú ni a ti fẹnu kò pé ká máa pe kíróòsì-sítíìṣì, èyí téèyàn ń fi òwú dábùú ara wọn lórí aṣọ tó ní ojú wẹ́wẹ́ títí àwòrán á fi jáde. Wọ́n kọ́kọ́ mú àgbélébùú wá, àwọn aáfà tó wà láàrin wa ní kò tẹ́ àwọn lọ́rùn pé irú orúkọ yẹn ni ká fún iṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ Bísímílà sára aṣọ, àwọn Kìrìsìtẹ́nì wa náà sì gbà pé ohun kan náà ni àgbélébùú àti dábùú ń sọ, pé wọ́n gbé nǹkan lé ìbú, ló bá parí síbẹ̀.

Ó ku òwú.

Ẹni tó bá gbọ́ "onírin", nǹkan tó le ló máa wá sí i lọ́kàn, nǹkan tó gbó, tí kì í já bọ̀rọ̀. Á máa fà á bó ṣe wù ú. Òdìkejì ìyẹn gan-an ni òwú yìí. Ohun tó ń dán lára ẹ̀ kì í ṣe irin tí alágbẹ̀dẹ lè rọ, ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni, pọliẹ́sítà, tí wọ́n fi alumíníọ̀mù tó ti di oru bò fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á gé e tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á wá wé e mọ́ òwú míì tó wà nínú. Àwọ̀ wúrà tí ẹ ń rí yẹn, ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè tó mọ́ gaara ni wọ́n fi kun orí alumíníọ̀mù funfun. Mo mọ̀ pé àbúrò wa sọ pé ìwé ilé ìwé pe gbogbo nǹkan báwọ̀nyẹn ní irin, mi ò bá ìwé jà, àmọ́ ìwé kọ́ ló ń fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ.

Èyí tó ní irin nínú lóòótọ́ sì wà o. Àwọn tó ti lọ sí Mẹ́kà nínú wa ti rí kíswà, aṣọ ṣẹ́dà dúdú tó bo Kábà, òwú fàdákà àti òwú fàdákà tí wọ́n fi omi wúrà bò ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ Kùránì sí i lára. Bí a bá wá sọ èyí tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba di onírin, kí la máa pe ìyẹn? Ẹ jẹ́ ká fi òwú wúrà àti òwú fàdákà sílẹ̀ fún ojúlówó, ká wá ọ̀rọ̀ míì fún èyí tó wà lọ́wọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ tí èmi mú wá ni òwú àwémọ́. Torí wọ́n wé e mọ́ nǹkan. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n gbogbo wàhálà tí òwú yẹn ń fún èèyàn, ara wíwé yẹn náà ló ti ń wá, ẹni tó bá ti gbọ́ orúkọ ẹ̀ ti gbọ́ ìdajì ẹ̀kọ́ ẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ń fà á gba inú ihò aṣọ kọjá, lọ bọ̀, lọ bọ̀, ojú ihò ń họ ike yẹn kúrò lára òwú inú, tó bá pẹ́ á ṣí, òwú inú á yọrí síta, ibi tó ti yọrí kò ní dán mọ́, àfi kẹ́ ẹ gé e. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í gé e gùn. Ìgbọ̀nwọ́ kan ti tó, tí kò bá tiẹ̀ pé ìgbọ̀nwọ́ ó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó bá gé e gùn torí kó má baà máa ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lemọ́lemọ́, òun fúnra ẹ̀ ló máa tú gbogbo ẹ̀ ká. Abẹ́rẹ́ ńkọ́? Lórí aṣọ Aida tó ní ojú 14 nínú íǹṣì kan, nọ́ńbà 24 ni ọ̀pọ̀ ń lò fún òwú lásán, tó bá kan àwémọ́ ẹ mú nọ́ńbà 22 (bí nọ́ńbà bá ṣe ń wálẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ń tóbi, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń rò pé òdìkejì ni), torí abẹ́rẹ́ tó tóbi á ti la ihò sílẹ̀ kí òwú tó dé ibẹ̀, ihò ò ní rí i họ bẹ́ẹ̀.

Ó tún ku ojú abẹ́rẹ́, ibẹ̀ gan-an ni òwú ti ń kọ́kọ́ jẹ jù torí ó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ ṣẹ́ orí òwú po, ẹ ki ibi tí ẹ ṣẹ́ po yẹn bọ ojú abẹ́rẹ́, ẹ wá gbé e kọjá lórí ẹnu abẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ rọra fà á títí tó fi máa so mọ́ ojú abẹ́rẹ́ pinpin. Kò ní yọ̀ mọ́. Tẹ́ ẹ bá ti rán an díẹ̀, ẹ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ fì sísàlẹ̀ kó yí fúnra ẹ̀ kí òwú lè tú kúrò nínú lílọ́. Ẹ sì má kánjú, fífà gbọn-ìn kan péré ti tó láti bó o láwọ̀. Ìda oyin tí àwọn kan ń fi pa òwú kó má baà lọ́ mọ́ra, ẹ má fi pa àwémọ́, á bo dídán ẹ̀ mọ́lẹ̀. Áyọ́ọ̀nù náà, ẹ̀yìn iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ ti lọ̀ ọ́, kí iná ẹ̀ wálẹ̀, ike ni, ó lè yọ́.

Ẹ wá sọ fún mi, èwo nínú gbogbo èyí ni "onírin" kọ́ ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́?

Àlàájì, ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin lẹ dàgbà sínú ilé òfì, ẹ mọ̀ ju èmi lọ. Mo kàn rí i pé lórí òfì, òwú dídán yẹn ń kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara àwọn tó kù, ó jókòó síbẹ̀ nìyẹn títí aṣọ á fi gbó. Kò sẹ́ni tó ń fà á gba ihò. Ìyẹn ni ṣáínì-ṣáínì ṣe tó ahunṣọ, nǹkan tó fẹ́ lára ẹ̀ náà ni kó dán. Fún aṣọ òfì, kó máa jẹ́ ṣáínì-ṣáínì lọ, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni yí i padà. Àmọ́ nínú iṣẹ́ abẹ́rẹ́, nǹkan tó ń dán ò mọ lọ́kan, réyọ́ọ̀nù náà ń dán, tẹ́ ẹ bá rán ọmọ lọ ra ṣáínì-ṣáínì ó lè kó réyọ́ọ̀nù dé, kò sì ní jẹ̀bi.

Réyọ́ọ̀nù yẹn, mo rí i tí ẹnì kan pè é ní "ṣẹ́dà ayédèrú". Rárá o. Ayédèrú ni nǹkan tí wọ́n ṣe láti fi lu èèyàn ní jìbìtì, bí oògùn ayédèrú, owó ayédèrú. Òwú yìí kò lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì. Àwọn òyìnbó pàápàá ti gba ọ̀nà yìí kọjá rí: àwọn onímọ̀ kẹ́míkà mẹ́ta kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Cross, Bevan àti Beadle, ló gba ìwé àṣẹ lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe fískóòsì, ìyẹn oríṣi tó gbajúmọ̀ jù nínú ẹ̀, ní 1892, wọ́n ń pe òwú náà ní ṣẹ́dà àtọwọ́dá fún ọdún gbọọrọ, orúkọ yẹn wá sú àwọn tó ń tà á ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fún un ní réyọ́ọ̀nù ní 1924. Kí ló wá dé tí àwa á lọ ṣa èyí tí wọ́n jù nù?

Igi ni wọ́n ń lò, wọ́n á sọ ọ́ di nǹkan rírọ̀, wọ́n á fi kẹ́míkà yọ́ ọ, wọ́n á tì í gba àwọn ihò tíntìntín kọjá sínú omi ásíìdì, ibẹ̀ ló ti ń di fọ́nrán. Torí bẹ́ẹ̀ ni ẹlòmíì ṣe ní "òwú igi". Mi ò lòdì sí i ju pé ẹni tó bá gbọ́ ọ máa rò pé òwú àràbà ni, èyí tí wọ́n ń kì sínú ìrọ̀rí. "Òwú àfigisè" tí wọ́n tún mú wá burú jùyẹn lọ, ó dà bíi pé wọ́n gbé òwú kaná, tí wọ́n fi igi dáná sí i nídìí!

Òwú yíyọ̀ ni tèmi. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ máa mọ̀. Kókó kì í dúró lórí ẹ̀, ó ń yọ̀ bọ́ lójú abẹ́rẹ́, ó ń ta kúrò nílẹ̀ bíi pé ó ní ẹ̀mí. Ohun tí à ń ṣe fún un ni pé a ó fi fóòmù tó rin díẹ̀, tí a ti fún omi ẹ̀ dànù, nù ún kó lè tò, kí a jẹ́ kó gbẹ kí a tó rán an, torí agbára ẹ̀ máa ń dín tó bá tutù. Lásìkò ọyẹ́ ó tún le sí i níbí, ìka tó bá ti sán máa ń fa fọ́nrán ẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ á ti rí hóró-hóró kó tó parí. Òrí ni kẹ́ ẹ fi pa ọwọ́ lálẹ́, kì í ṣe nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ jókòó sídìí iṣẹ́, òróró tó bá ti mu òwú kì í lọ bọ̀rọ̀.

Ó kan fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán tí ilé iṣẹ́ Kreinik ń ṣe, èyí tí a ń mú mọ́ òwú lásán kí ibẹ̀ lè máa tàn yẹ́rí. Ìyá wa ní Òmù-Àrán pè é ní "òwú àdàlù". Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, mi ò purọ́. Àmọ́ ẹ̀wà àti àgbàdo inú àdàlù, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti wọnú ara wọn, ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé wọ́n ti pò ó láti ilé iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwa fúnra wa la ń mú un mọ́ òwú, ó sì ń gba ẹ̀gbẹ́ òwú kejì lọ ni, ó tiẹ̀ máa ń fẹ́ ṣíwájú ẹ̀ tàbí kó ṣẹ́yìn, àfi kéèyàn máa fi ìka tọ́ ọ. Alábàárìn ló yẹ ẹ́, òwú alábàárìn. Ọmọ tó bá gbọ́ ọ mọ̀ pé kì í sábà dá lọ, ó sì mọ̀ pé kí òun máa wò ó kí àwọn méjèèjì lè jọ rìn. Tí ìyá wa bá ṣì rò pé àdàlù lágbára jù ú lọ, kí wọ́n jọ̀ọ́ sọ ìdí ẹ̀ fún wa, ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ohun tí mo lè kàn gbà kọjá.

Ẹni tó túmọ̀ bí a ṣe ń fi ẹnu abẹ́rẹ́ la àárín fọ́nrán méjì, kí wọ́n lè tẹ́ lọ́gbọọgba láìlọ́ mọ́ ara wọn, sí "rírán ojú irin"... àwọn òyìnbó ló fi í wé réluwé, a ò ní láti bá wọn wọ ọkọ̀ yẹn. Ká tún wá fi irin kún irin! Yoruba ti ní "là láàrin". Ẹ là á láàrin, ó tán. Réyọ́ọ̀nù tàbí àwémọ́, tí ẹ bá ń fi fọ́nrán méjì rán an láìlà á láàrin, ìmọ́lẹ̀ ò ní bà lé e bákan náà, apá kan á mọ́ apá kan á ṣú.

Òwú tó ń ti àwọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, gbogbo wa ti gba alágẹmọ, mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ síbẹ̀ ju pé ẹni tó bá ń lò ó kó máa parí dábùú kọ̀ọ̀kan kó tó lọ sí èyí tó kàn. Tó bá kọ́kọ́ rán ìdajì lọ títí dé òpin ìlà kó tó padà bọ̀, àwọ̀ tó lọ àtàwọ̀ tó bọ̀ ò ní bára wọn mu, iṣẹ́ á sì rí pátapàta. Kẹ́ ẹ sì má ṣẹ́ ẹ po sí méjì bẹ̀rẹ̀, àwọ̀ orí á pàdé àwọ̀ ìdí.

Àbúrò wa ní Ọ̀fà, mi ò torí èyí fojú kéré iṣẹ́ tí ẹ ṣe, ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, tí kì í bá ṣe yín "mẹ́táàlì" là bá ṣì máa pè é. Àlàájì, nǹkan kan ló kù tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín. Ìgbà tí òwú bá ti ń ṣí lórí, tí fọ́nrán ẹ̀ ń ya kúrò lára ara wọn, "ó ń tú" ni mo máa ń wí, ṣùgbọ́n "tú" náà la ń wí tí a bá mọ̀ọ́mọ̀ tú iṣẹ́ tí kò dáa, àwọn ọmọ sì máa ń ṣi méjèèjì gbọ́. Ǹjẹ́ àwọn bàbá yín nídìí òfì ní ọ̀rọ̀ kan pàtó fún èyí tó ń ṣí fúnra ẹ̀? Tó bá wà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ tuntun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìtúnu.