Nọ́ńbà mẹ́ta lára àpáàdì kan: ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀ ní sító mùsíọ́mù?

Alábójútó_Sító

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ìdí iṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ sító ẹ̀ka ìwalẹ̀pìtàn ní mùsíọ́mù orílẹ̀-èdè ni mo gbé wá. Páálí tó wà níbẹ̀ tó 400. Àpáàdì ló pọ̀ jù, egungun àti èédú ló tẹ̀ lé e, irin àti idẹ ò ju páálí 30 lọ. Awalẹ̀pìtàn bíi mẹ́jọ ló hú wọn ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kálukú sì ní bó ṣe ń kọ nọ́ńbà tirẹ̀.

Ohun tó ta kókó nìyí. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ níbi ìwalẹ̀ wà lára ẹrù, nọ́ńbà rẹ́jísítà (ìwé tí mùsíọ́mù fi ń forúkọ ẹrù sílẹ̀) wà níbẹ̀, ẹ̀kẹta tún wà tí ẹnì kan fi pẹ́ńsù kọ nígbà tí wọ́n ń kó sító, kò sì sẹ́ni tó mọ ìwé tó bá a lọ. Ọ̀rá ti gbó nínú páálí bíi 20, àpáàdì kòtò ìwalẹ̀ méjì sí mẹ́ta ti dà pọ̀. Eku ti jẹ lára lébẹ́ẹ̀lì. Àwọn idẹ kan sì ti ń yọ ìpẹtà aláwọ̀ ewé.

Ọ̀gá ní ká fún gbogbo rẹ̀ ní nọ́ńbà tuntun láti 1 lọ, ká kó o sí Excel kí oṣù mẹ́fà tó pé. Yunifásítì méjì náà ti kọ̀wé pé àwọn fẹ́ wá bu sáńpù lára ẹrù lọ ṣàyẹ̀wò. Èwo ni ká kọ́kọ́ mú ńbẹ̀?

Ìwé_Ò_Parọ́

Ẹ má fún ẹrù kankan ní nọ́ńbà tuntun o. Tí ìwé tí awalẹ̀pìtàn náà tẹ̀ jáde bá sọ pé etí ìkòkò 212 wá láti kòtò B, ìpele erùpẹ̀ 4, "212" yẹn ni okùn tó so àpáàdì náà mọ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti hú u. Tí ẹ bá já a, amọ̀ sísun lásán ló kù lọ́wọ́ yín. Nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa dúró, kálukú ní òpó tirẹ̀ nínú tábìlì. Ti pẹ́ńsù tí kò sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀ yẹn, ẹ dà á kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, tòun ti àmì àti ìlà tó wà nínú rẹ̀. Ìwé rẹ̀ lè yọjú lọ́la láti inú dúrọ́ọ̀ ẹnì kan.

Àyè ni kí ẹ fún ní nọ́ńbà tuntun. Yàrá, ọ̀wọ́ ṣẹ́ẹ̀fù, pẹpẹ, ipò páálí: bíi 2-C-04-3. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ṣẹ́ẹ̀fù kí ẹ tó ṣí páálí kankan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹni méjì rìn ín látòkèdélẹ̀: ọ̀kan ń ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí, èkejì ń kọ ọ́ pẹ̀lú àyè rẹ̀. Ẹ má tíì ṣí nǹkan kan. Ìgbà tí ẹ bá parí ìyẹn lẹ máa tó mọ̀ bóyá 400 ni lóòótọ́.

Ìgbà tó bá kan ṣíṣí, ẹ ya fọ́tò òkè páálí kí ọwọ́ tó kàn án, torí bí àwọn ọ̀rá ṣe jókòó ti ara wọn jẹ́ ẹ̀rí. Ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé ẹrù, ẹ ka déètì orí rẹ̀ kí ẹ tó gbé e kúrò: kò sí bí wọ́n ṣe lè ti di ẹrù yẹn báyẹn ṣáájú ọjọ́ náà. Àwọ̀ yíǹkì àti ọwọ́ ìkọ̀wé náà ń sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá ti rí bí ẹnì kan ṣe ń kọ 7 rẹ̀ nínú ìwé kékeré tó ń lò níbi ìwalẹ̀, ẹ óò dá a mọ̀ lára lébẹ́ẹ̀lì tí eku jẹ kù.

Rẹ́jísítà ni kí ẹ fi tẹ̀ lé e, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́nà méjì. Ẹ mú ẹrù 50 láti orí ṣẹ́ẹ̀fù, kí ẹ wá wọn nínú rẹ́jísítà. Ẹ mú 50 míì láti inú rẹ́jísítà, kí ẹ wá wọn lórí ṣẹ́ẹ̀fù. Èyí tí kò bá sí nínú rẹ́jísítà, wọn ò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni. Èyí tí kò bá sí lórí ṣẹ́ẹ̀fù, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ "ó ti sọnù" sí i. Ẹ kọ "a ò rí i" àti déètì, títí ẹ óò fi ṣí páálí tó gbẹ̀yìn. Ẹrù tí kò ní nọ́ńbà kankan, ẹ fún un ní nọ́ńbà ìgbà díẹ̀ tí lẹ́tà X ṣáájú rẹ̀, kó má baà fara jọ nọ́ńbà rẹ́jísítà láéláé.

Oṣù mẹ́fà tó fún kíkọ ohun tó wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan àti ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Kò tó fún àpáàdì kọ̀ọ̀kan. Ẹ tètè sọ ọ́ fún ọ̀gá.

Excel yẹn ńkọ́? Ẹ ṣọ́ra fún un gidi. Ẹ tẹ 1974.120 sí i, á gé òdo ìparí dànù, á sì di 1974.12, bẹ́ẹ̀ ẹrù mìíràn ló ni 1974.12. Ẹ tẹ 3-12, á sọ ọ́ di ọjọ́ àti oṣù. Kò ní ké gbàjarè, ẹ ò sì ní rí i àfi tí ẹrù méjì bá ń jà sí nọ́ńbà kan. Ẹ sọ gbogbo òpó nọ́ńbà di "Text" kí ẹ tó tẹ ohunkóhun sí i. Tí ẹ bá sọ ọ́ di Text lẹ́yìn tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́, òdo tó ti lọ ò ní padà wá.

Onídẹ

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ lókè, àfi ètò rẹ̀. Irin àti idẹ ò lè dúró de rẹ́jísítà. Páálí 30 yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ wo ìpẹtà aláwọ̀ ewé náà dáadáa. Tó bá le, tó dán, tó sì bo ara idẹ déédéé, ìpẹtà àtijọ́ tó ti fara rọ ni, ẹ má fọwọ́ kàn án. Tó bá jẹ́ aláwọ̀ ewé títàn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, tó ń yọ lójú kan lójú kan, tí orí igi tín-ín-rín bá kàn án tó sì bọ́ bí ìyẹ̀fun tó fi kòtò wẹ́wẹ́ sílẹ̀, àrùn idẹ nìyẹn. Iyọ̀ klóráìdì inú ilẹ̀ ló wọ ara bàbà tó wà nínú idẹ; tó bá ti rí ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́, á máa jẹ ẹ́ lọ láìdúró. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, ẹ má fi òróró pa á, ẹ má kùn ún. Gbígbẹ ni oògùn tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rinrin inú àpótí wà nísàlẹ̀ 42%. Nǹkan bí 35% ló fọkàn ẹni balẹ̀. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ lóró, ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ fi í sílẹ̀ fún.

Ti irin le jù bẹ́ẹ̀. Tó bá ní klóráìdì lára, bí ọ̀rinrin bá wà ní 20% á ṣì máa dípẹtà díẹ̀díẹ̀. Nǹkan bí 12% ló máa ń dáwọ́ dúró. Nítorí náà irin ò gbọdọ̀ bá idẹ gbé inú àpótí kan, egungun ò sì gbọdọ̀ bá èyíkéyìí nínú wọn gbé, torí gbígbẹ yẹn máa sán an.

Bí ẹ óò ṣe dì í: àpótí ike polypropylene tí ìdérí rẹ̀ há dáadáa (ike PVC kọ́ o), sílíkà jẹ́ẹ̀lì (hóró tó ń fa ọ̀rinrin mu) nísàlẹ̀, ẹrù lórí fóòmù nínú ọ̀rá kékeré tí ẹ ti gún ihò sí lára. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbàgbé ihò yẹn, wọ́n á wá máa gbẹ afẹ́fẹ́ ìta ọ̀rá nígbà tí ọ̀rinrin ṣì wà lára ẹrù. Ìwọ̀n tí wọ́n máa ń lò fún jẹ́ẹ̀lì jẹ́ 20 kg fún àyè tó gba lítà 1,000. Àpótí lítà 10 á gba 200 g, fún ti irin ẹ fi kún un. Ẹ fi káàdì tó ń sọ ìwọ̀n ọ̀rinrin sí ẹ̀gbẹ́ níbi tí ojú ti lè rí i láìṣí ìdérí. Tí jẹ́ẹ̀lì bá ti mumi, ẹ yan án nínú ọ́fẹ̀ẹ̀nì ní nǹkan bí 110°C fún wákàtí mélòó kan. Jẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi kóbáàtì ṣe, ẹ yẹra fún un, ó lè fa jẹjẹrẹ.

Alábójútó_Sító

Ẹ ṣeun gan-an ni. Àpáàdì tó dà pọ̀ ńkọ́? Ẹnì kan ní ká wo bí amọ̀ wọn ṣe rí ká sì pín wọn padà sí kòtò wọn. Ọ̀rọ̀ kíkọ nọ́ńbà sára wọn náà, yíǹkì tí wọ́n lò tẹ́lẹ̀ ti ń ṣí kúrò.

Amọ̀kòkò

Ẹ má pín in padà! Amọ̀ kan náà lè wà ní kòtò mẹ́ta, ìkòkò kan sì lè fọ́ kó dé ìpele méjì. Tí ẹ bá fojú pín in, àbá yín á di òótọ́ nínú ìwé, ẹni tó bá ń ṣèwádìí ní ogún ọdún òní ò ní mọ̀. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí: "àdàpọ̀, kòtò B àti D, nǹkan bí 340". Èyí tó bá ní nọ́ńbà lára, ẹ yọ ọ́ lọ sí ọ̀rá tirẹ̀. Èyí tí kò ní, tó sì wọnú ojú ibi tí èyí tó ní nọ́ńbà ti fọ́ wẹ́kú, ìyẹn jẹ́ ẹ̀rí pé ìkòkò kan náà ni wọ́n, kì í ṣe pé ìpele kan náà ni wọ́n ti wá. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyókù á dúró pọ̀.

Kíkọ nọ́ńbà: ẹ tú 20 g Paraloid B-72 (oríṣi rẹ́sìn kan tó máa ń hàn gbangba) sínú asitóònù 100 ml, omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré pa ìlà kan tó gùn bí èékánná, sínú àpáàdì, ibi tí kò sí ọnà. Kò gbọdọ̀ sí lójú ibi tó ti fọ́, torí ẹni tó bá fẹ́ to ìkòkò náà pọ̀ máa nílò ojú yẹn; kò sì gbọdọ̀ sí lórí èéfín dúdú tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ẹ kọ nọ́ńbà pẹ̀lú yíǹkì onípígímẹ́ǹtì (èyí tí lẹ́búlẹ́bú àwọ̀ wà nínú rẹ̀), dúdú lórí amọ̀ funfun, funfun lórí amọ̀ dúdú. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn náà gbẹ, kí ẹ wá pa ìlà kejì lé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí ẹ bá lọ tí ẹ bọ̀, asitóònù á fa yíǹkì yẹn kiri, nọ́ńbà á di àbàwọ́n. Yíǹkì tó ń ṣí kúrò lára tiyín, ó jọ pé orí àpáàdì gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí láìsí nǹkan lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má pa á rẹ́. Ẹ kọ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà kan náà. Ẹ rántí pé B-72 máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní 40°C. Sító tó bá ń gbóná tó bẹ́ẹ̀, àpáàdì méjì tó fara kanra lè lẹ̀ pọ̀.

Àpáàdì tí kò tó sẹ̀ǹtímítà méjì, ẹ má kọ nọ́ńbà sára rẹ̀. Ẹ kà á, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́ sára ọ̀rá. Lébẹ́ẹ̀lì inú ọ̀rá, Tyvek (ohun tó dà bíi bébà tí kì í tètè ya) ni kó jẹ́, kó wà nínú ọ̀rá kékeré tirẹ̀, kí ẹ tún kọ ohun kan náà sí ìta. Rọ́bà tí wọ́n fi ń di ẹnu ọ̀rá, ẹ kó gbogbo ẹ̀ dànù: á yọ́ lẹ̀ mọ́ ẹrù, sọ́fúrù inú rẹ̀ sì máa ń sọ fàdákà di dúdú. Páálí kan ò gbọdọ̀ wúwo ju 10 kg lọ, ìdí rẹ̀ á já ni. Ètò RE-ORG, ètò títún sító mùsíọ́mù tò, ti ICCROM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìtọ́jú ohun àjogúnbá, ní òfin kan tí mo fẹ́ràn: kò yẹ kí èèyàn gbé ju ẹrù méjì lọ kúrò lọ́nà kí ọwọ́ rẹ̀ tó tó èyí tó ń wá.

Láàbù_Àti_Sító

Ti sáńpù nìkan ni màá dá sí. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni bu nǹkan kan lára ẹrù tí ẹ ò tíì mọ ìpele rẹ̀. Déètì tó bá jáde lára èédú inú ọ̀rá "àdàpọ̀" ò wúlò fún ẹnikẹ́ni, èédú náà ò sì ní padà.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ìbéèrè wo ni wọ́n fẹ́ dáhùn, nọ́ńbà ẹrù wo, mílígírámù mélòó, láàbù wo, ta ló máa kó ìyókù padà wá. Fún déètì kábọ̀nù lọ́nà AMS (ẹ̀rọ tó ń ka átọ̀mù kábọ̀nù láti mọ ọjọ́ orí ẹrù), 10 sí 50 mg èédú ti tó, egungun á gba nǹkan bí 0.5 sí 1 g. Ẹni tó bá béèrè ẹ̀kúnwọ́ èédú kan, ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Kí wọ́n kọ́kọ́ dá irú igi tí èédú jẹ́ mọ̀, torí àárín igi ńlá lè ti pẹ́ ju iná tó jó o lọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Hóró èso tó jóná sàn jù ú lọ.

Ohun tí ẹ bá ṣe sí ẹrù lónìí lè ba àyẹ̀wò jẹ́ lọ́la. Àpáàdì tí wọ́n fẹ́ wá ìyókù epo oúnjẹ àtijọ́ nínú rẹ̀, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má fọwọ́ lásán kàn án torí òróró ara wa á wọ̀ ọ́, fóìlì ni kí ẹ fi wé e torí kẹ́míkà inú láílọ́ọ̀nù máa ń ràn án. Àpáàdì tí wọ́n fẹ́ fi ìmọ́lẹ̀ ooru (ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ lára rẹ̀ tí wọ́n bá mú un gbóná) mú déètì rẹ̀ ò gbọdọ̀ gba ẹ̀rọ X-ray kọjá, ó máa ń fi kún ìwọ̀n ìtànṣán tí wọ́n fẹ́ kà. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ti fi pa egungun nígbà àtijọ́, ẹ sọ fún láàbù, torí kábọ̀nù tirẹ̀ á wọnú déètì. Ẹ wọn ẹrù kí wọ́n tó bu ú àti lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ya fọ́tò ìgbà méjèèjì.

Alábójútó_Sító

Mo gbọ́. Ọ̀kan ló kù: kọ́bọ́ọ̀dù onígi ni wọ́n kó òjé àti ìkarahun sí, lẹ́búlẹ́bú funfun sì wà lára wọn.

Onídẹ

Igi yẹn náà ni. Ásíìdì tó ń mí jáde lára igi àti lára pátákó alẹ̀pọ̀ ló ń jẹ wọ́n, páálí tí kì í ṣe aláìní-ásíìdì náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kó wọn lọ sórí ṣẹ́ẹ̀fù irin tí wọ́n yan ọ̀dà mọ́ lára. Ẹ má fọwọ́ lásán gbá ti òjé yẹn, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, májèlé ni. Tí kò bá sí ibòmíì tí ẹ lè kó wọn sí lónìí, ẹ fi ọ̀rá onífóìlì bo inú kọ́bọ́ọ̀dù náà ná. Tí ẹ bá fẹ́ ra fóòmù tàbí aṣọ tuntun, ẹ dán an wò lọ́nà tí wọ́n ń pè ní àyẹ̀wò Oddy kí ẹ tó kó o wọlé: ẹ fi díẹ̀ sínú ìgò pẹ̀lú omi díẹ̀ àti awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti fàdákà, bàbà àti òjé, ẹ sé e pa, ẹ gbé e sí 60°C fún ọjọ́ 28. Ẹ ṣe ìgò kejì tí kò ní fóòmù nínú, kí ẹ lè fi wọ́n wé ara wọn, bóyá fóòmù náà ti ba àwọn awẹ́ yẹn jẹ́.